Níbo Ni Yóò Ti Wọ̀ Ọ́?

Mo ká bébà fàdákà inú páálí sìgá
mọ́ ara bíírò tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ,
mo fi òwú rírin díẹ̀ sí i lẹ́nu.
Pẹ́ẹ́nù mi nìyẹn.
Fóònù mi tójú rẹ̀ fọ́ sì ń gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ọyẹ́ ni, ní Ìsánlú.
Òkè tó wà lẹ́yìn iléèwé ò hàn mọ́.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mẹ́tibọ́ba,
mò ń ya aṣọ ayaba fún eré ìparí ọdún;
àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń kí wa, "Ọ̀kun o,"
n kò gbọ́.

Ìpele àkọ́kọ́, ìlà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́:
eegun lásán, ejìká, ìbàdí, orúnkún.
Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi dà bí èéfín,
mo ṣí ìpele mìíràn lé e lórí,
ibẹ̀ ni mo ti fa ìlà dúdú,
láti ejìká ni o, kì í ṣe láti ọrùn ọwọ́,
torí ọrùn ọwọ́ a máa gbọ̀n.
Mo yí àwòrán náà padà bí ẹni ń wo dígí.
Yéè! Apá kan gùn ju èkejì lọ.
Mo tẹ ọfà tó ń dá nǹkan padà
lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀méje,
kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ṣìṣe rí.
Mo kùn ún ní pupa,
pupa aṣọ tí wọ́n ń hun ní Bùnú láyé ọjọ́un.
Owó ẹyọ kan ṣoṣo ni mo yà,
mo dà á kọ lọ́nà ogójì yí ọrùn ká.

Ìyá Mẹ́tibọ́ba bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
"Ó dára. Ó dára gan-an ni.
Ṣùgbọ́n Dúpẹ́níyì ńkọ́, níbo ni yóò ti wọ̀ ọ́?"

Mo wo ọrùn: ó fún pinpin.
Mo wo ẹ̀yìn: n kò ya ẹ̀yìn.
Kò sí bọ́tìnnì, kò sí síìpù, kò sí ojú ìránṣọ kan.
Aṣọ tí mo yà, àfi kí wọ́n bí ọmọ sínú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ó ní owó ẹyọ gidi wúwo,
ogójì yóò fa ọrùn ọmọ ọdún mẹ́wàá wálẹ̀.
Ó fi bíléèdì gé sílípáàsì àtijọ́ wẹ́wẹ́,
ó gbé e sún mọ́ èédú gbígbóná,
etí rẹ̀ ká wọlé fúnra rẹ̀.
Láti orí bẹ́ǹṣì kejì,
ta ni yóò mọ̀ pé kò rí òkun rí?
Ó wọ́ òwú lórí ìda oyin lẹ́ẹ̀mẹta,
ó rán ọ̀kan, ó ta á ní kókó
kó tó bọ́ sórí èkejì.
"Bí ọ̀kan bá já lórí ìtàgé, ọ̀kan náà ni yóò já."
Ó fi ọwọ́ mi ra àrán:
ibí dán, ibí ṣú.
Bí o bá gé apá kan sókè, tí o gé ìkejì sísàlẹ̀,
àwọ̀ méjì ni iná yóò bá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé sáàsì fún mi.

Mo gé e kọjá àmì ṣọ́ọ̀kì ní ìka méjì.
Àtàǹpàkò mi rìn lórí àrán,
ó rìn lọ, ó rìn bọ̀,
ó ń wá ọfà.

Ìyá rí i. Kò sọ nǹkan kan.
Ó tú àpò àjákù, ó fa ìrépé kan yọ,
aṣọ òfì láti Ògìdì, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ó fi bo ojú ibi tí mo gé,
ó rán ẹ̀gbẹ́ kan pa, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀,
ó kan ìkọ́ mẹ́rin mọ́ ọn.

Mo ṣí fóònù. Mo ya ẹ̀yìn.
Ìpele tuntun béèrè orúkọ lọ́wọ́ mi,
mo kọ "ẹnu ọ̀nà" sí i.
Bátìrì ku mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
Ìyá Mẹ́tibọ́ba ní kí n fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀
bá òun wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.