Mo Pa Á Ni, Àbí N Kò Pa Á?

Ní Myre, níbi tí pánlá ti ń gbẹ lórí igi bí aṣọ tí wọ́n sá,
wọ́n ta ọkọ̀ iná mànàmáná kan fún mi.
Kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní bọ́tìnnì.
Jostein tó tà á, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ní:
"Bí ẹ bá ti jókòó, bàbá, ó ti jí.
Bí ẹ bá dìde, tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ó ti sùn."
Mo ní, ta ló pa á?
Ó ní kò sẹ́ni tó pa á.
Mo ní, ohun tí ẹnikẹ́ni kò pa, báwo ló ṣe kú?

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja.
Tí a bá gúnlẹ̀, tí wọ́n ti so okùn mọ́ èbúté,
èmi ni mo máa ń tẹ bọ́tìnnì dúdú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn,
tí epo ti jẹ lẹ́tà ara rẹ̀ tán.
Ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, á mí kanlẹ̀,
ìdákẹ́rọ́rọ́ á wọlé bí àlejò tí a ti ń retí.
Ìgbà yẹn ni ọjọ́ parí.
Kì í ṣe ìgbà tí oòrùn wọ̀;
lọ́dọ̀ wa, oòrùn a máa gbàgbé láti wọ̀ fún oṣù méjì,
a sì tún gbàgbé láti yọ.

Èyí kì í hó, kì í húkọ́.
Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró nínú yìnyín.
Ṣé ó ti sùn? Àbí ó ń díbọ́n?
Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
tí mo ń yọjú wo inú rẹ̀ bí olè.
Hallgerd aládùúgbò mi rí mi láti ojú fèrèsé.
Kò sọ nǹkan kan. Ó fa kọ́tìnnì.

Ọmọbìnrin mi pè láti Bergen: "Bàbá, ó wà lójú gíláàsì iwájú yín.
Ẹ tẹ àwòrán ọkọ̀, ẹ tẹ 'Ààbò', ẹ fà á wálẹ̀,
ẹ tẹ 'Pa á', ẹ dúró díẹ̀."
Gíláàsì kò mọ ìka tó wọ ìbọ̀wọ́.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Òtútù mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àpò ànàmọ́ òyìnbó kan sórí àga Gudveig,
ìyàwó mi, tí kò jókòó níbẹ̀ rí,
torí ó ti lọ kí ọkọ̀ yìí tó dé.
Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké: bílíǹ, bílíǹ,
ẹnìkan jókòó, kò de bẹ́líìtì.
Mo de bẹ́líìtì fún ànàmọ́. Ó dákẹ́.
N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ náà dára o. Ó ń móoru kíá, kò rùn.
Àmọ́ ọwọ́ ènìyàn fẹ́ mọ ibi tí nǹkan parí sí.

Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ apẹja wa palẹ̀,
mo gba bọ́tìnnì dúdú yẹn; inú agolo ìṣó ló ti wà.
Lánàá mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì.
Kò so mọ́ wáyà kankan.
Solrun, ọmọ-ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ títí:
"Bàbá àgbà, kí ló ń pa?"
Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Lálẹ́ yìí, mo dé ilé, mo tẹ̀ ẹ́.
Ó dún kọ́.
Mo bọ́ sílẹ̀. N kò wẹ̀yìn.