Ṣíbí Lára Páìpù

Àgbà kò sí nílùú, ìlú bàjẹ́: bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pa á lówe.
Àwa àgbà mọ́kàndínlógún ló wà nínú ilé yìí l'Ókè-Àrẹ̀mọ,
ilé sì ń bàjẹ́ lójú wa kòrókòró.

Ọdún tí mo kó dé ni lífìtì kú.
Mánéjà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún un ṣe.
Ọ̀sẹ̀ náà ṣì ń bọ̀.
Adìyẹ Ìyá Ṣẹ́gilọlá ti pa ọmọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
àwọn òròmọdìẹ a sì máa rọra jáde
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè sọ̀kalẹ̀.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́ta ló dé yàrá mi.
Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà kan:
ìkejìlá ti là, má fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́;
ìkọkànlélógún máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀;
ìkẹtàlélọ́gbọ̀n kọjú sí fèrèsé tí kò ní gíláàsì,
níbi tí mo ti ń rí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ni rí ní Yemẹtu.
Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró, mo ń díbọ́n pé ìran ni mo ń wò,
kí ọmọ tó ń bá mi ru péèlì omi
má baà mọ̀ pé èémí ló tán.

Lọ́jọ́ kan wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ìsàlẹ̀:
GBOGBO AYALEGBE, OWO LA FE.
Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀.
Mo yọ báírò pupa mi.
Èwo ni? Ṣé owó ni, àbí òwò?
Bó bá jẹ́ ọwọ̀ ni, ẹ mú un wá,
ojú àtẹ̀gùn kò tíì rí ọ̀kan látèṣí.
Bó bá jẹ́ ọ̀wọ̀ ni, àwa la fẹ́ ẹ.
Mo fún wọn ní méjì nínú mẹ́wàá, mo buwọ́ lù ú.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì
wọ́n ti fi gíláàsì bo pátákó náà, wọ́n fi àgádágodo sí i.
Òun nìkan ni nǹkan tí wọ́n tún ṣe lọ́dún yẹn.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá Bàbá Láníhùn dùbúlẹ̀,
àga rọ́bà la fi gbé e sọ̀kalẹ̀,
ọkùnrin tó fọn fèrè fún rélùwéè ní Dùgbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn bá ti yà, á fi ẹnu súfèé,
á ní, "Ẹ yà lọ́nà, ọkọ̀ ń bọ̀!"
A rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù ká jù ú sílẹ̀.

Ọmọ mi pè láti Àkúrẹ́:
"Màmá, kí lẹ tún ń dúró ṣe níbẹ̀?"
Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára.

Páìpù irin kan la ilé yìí já, látòkè délẹ̀.
Omi ti gbàgbé ọ̀nà inú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́,
Ìyá Ṣẹ́gilọlá á fi ọmọrógùn kàn án nísàlẹ̀,
Àlàájà Sífáwù á fi òrùka dáhùn,
èmi á fi ṣíbí,
Bàbá Láníhùn, lókè pátápátá, á kan tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta gbọọrọ.
Ẹni tó bá kàn án ti jí.
Ẹni tó bá ti jí, ó ku ọ̀rọ̀ omi.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ yìí.
Ìsàlẹ̀ ti kàn. Àlàájà ti kàn.
Mo kan tèmi, mo tẹ́tí, mo tún un kàn.
Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló wà láàárín èmi àti òkè,
n kò mọ èyí tó là nínú wọn.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.
Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi.