Ètò fún Orúnkún Jọláadé

Jọláadé, mo ti gun un kí o tó dé.
Lọ́jọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ̀yìn ìwé owó iná ni mo kọ ọ́ sí,
pẹ́ńsùlù ọmọ iléèwé ni mo fi kọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ti kú.
Kì í ṣe Olúmọ, níbi tí èrò ti ń tò gba tíkẹ́ẹ̀tì.
Àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni, ní Ìkìjà,
èyí tí ìyá wa máa ń sá láfún sí
tí ewúrẹ́ Bàbá Ṣówándé máa ń wá jí i lá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, o mọ̀ wọ́n.
Àkọ́kọ́ ni ibi tí àpáta ti là bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀.
Àbúrò mi ni ọ́, ìwọ lo máa ń ṣíwájú níbẹ̀,
èmi ẹ̀gbọ́n á wà nísàlẹ̀, bàtà rẹ lọ́wọ́ mi, tí mò ń bẹ̀ ọ́.
Mo ti fa igi lé ìyẹn lórí.
Èkejì ti ń yọ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀;
mo di koríko mú, koríko ní òun ò mọ̀ mí rí.
Ẹ̀kẹta ni tiwa, ọ̀nà àwọn ìyá tó ru agbọ̀n láfún.
Ó rọra ń yí àpáta po bí ìró ṣe ń yí ìdí po.
Ẹni tó ru ẹrù kì í wá àbùjá.

Mo ka ìṣísẹ̀: mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án.
Ní ogójì, òkúta pẹlẹbẹ kan wà. Jókòó,
bí kò tilẹ̀ rẹ̀ ọ́. Ibẹ̀ la ti máa jẹ ọ̀jọ̀jọ̀.
Mo ti san àsansílẹ̀ fún Ìyá Ràfíátù;
nígbà tó gbọ́ pé ìwọ lò ń bọ̀,
ó ní òun á fi mẹ́ta sí i, òun ò gbowó ìyẹn.
Ní ọgọ́rùn-ún, òjìji igi ọdán kan, kókóró, omi tútù.
Wàá rí àwọn páànù tó ti dípẹtà,
àti Odò Ògùn lọ́nà jíjìn,
bí bẹ́líìtì tí ẹnì kan gbàgbé sórí bẹ́ẹ̀dì.
Lókè pátápátá, ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé eéran,
ata tí epo ti dín títí tó fi dúdú, pọ̀nmọ́, ẹyin.
Múráínà ló máa gbé e gba ọ̀nà líle.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Mo ní kó má sáré. Ó sáré.
Láfún dalẹ́, nígbà tí a bá délé:
ẹni tó bá jẹ ẹ́ gun àpáta, orí àpáta ló máa sùn.

Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta
kì í wo ẹnu àáké.
Àwa ti wo ẹnu rẹ̀ tó. Oṣù kẹta rèé
tí dókítà Ìbàdàn fi ọ̀bẹ ṣí orúnkún rẹ,
tó fi irin há a láàárín, tó rán an.
Kí oyin dúró síbẹ̀.
Ọ̀jọ̀jọ̀ ò ní kòkòrò tó ń ta ni.

Lálẹ́ àná mo pè ọ́, mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọ létí,
ìṣísẹ̀, ìjókòó, ata, ewé.
O dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ló tán.
O wá ní: “Gbogbo ìgòkè lo kọ.
Ṣé o mọ̀ pé ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dun orúnkún?”

Mi ò mọ̀. Orúnkún tèmi ò tíì kọ́ mi.
Mo yí ìwé náà padà; gbèsè ló kún ojú kejì,
àyè díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, lábẹ́ orúkọ bàbá wa
tí wọn ò tíì yọ kúrò.
Láàárọ̀ yìí mo tún ti wà lórí àpáta,
mò ń fi ẹ̀yìn sọ̀ bí ọmọ tó ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì,
mò ń kà á láti òkè wá sílẹ̀.
Àwọn tó ń sá láfún ń fi mí rẹ́rìn-ín.
Mo ti dé ọgọ́rin.
Ibì kan wà níbí tí ọwọ́ lè dì mú.