Ọ̀rọ̀ Tí Kò Pààrọ̀ Aṣọ Lẹ́nubodè

Ọdún méjì ni Ìbídùn fi ṣa ọsàn ní Valencia
kó tó wọ bọ́ọ̀sì òru kọjá ẹnubodè lọ sí Porto.
Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi:
"Bàámi, gbogbo ọ̀rọ̀ ló pààrọ̀ aṣọ lójú ọ̀nà.
Òpópónà tó ń jẹ́ calle lánàá ti di rua,
ajá tí mo mọ̀ sí perro ti ń jẹ́ cão.
Ẹyọ kan ló bá mi wọ̀lú láìtú àpò rẹ̀:
esperar.
Òun ni wọ́n fi ń dúró de bọ́ọ̀sì,
òun náà ni wọ́n fi ń retí ire."

Mo wà lórí àga onírin ní tẹ́ṣàn Òṣogbo,
níbi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin.
Koríko ti bo irin kejì.
Ewúrẹ́ Ìyá Ṣubúọlá ló ń sùn níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.
Mo bi í pé: ta ni ìyá ọ̀rọ̀ náà?

Ó ní Látìnì ni, sperare, àgbàlagbà ará Róòmù.
Ìyá yẹn kò mọ̀ ju ìrètí lọ;
àwọn ọmọ ló gbé àga fún un pé kó jókòó,
ló bá di ẹni tó ń retí, tó tún ń dúró.
Ẹnu wọn kò sì gba s àti p wọlé pọ̀,
wọ́n wá fi e lé e lọ́wọ́ níwájú, bí ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Àwa náà ṣe é fún ọ̀rọ̀ Òyìnbó:
a gé orí ibi tí mo jókòó sí yìí, a ní tẹ́ṣàn,
kò sì sẹ́ni tó ṣìnà.

Lẹ́nu tèmi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.
Dídúró, ẹsẹ̀ ló ni ín.
Ìrètí, etí ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀,
etí tí mò ń fi lé irin nígbà tí mo wà lọ́mọdé
tí mo fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti kúrò l'Ẹ́dẹ
kí èéfín rẹ̀ tó yọ.

Ìbídùn, dókítà Òkè-Fíà ní kí n má dúró pẹ́ mọ́.
Àsíá ewéko wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi,
eku ti jẹ etí rẹ̀.
N kò dúró dè ọ́ mọ́, ọmọ mi.
Mo jókòó ni, mò ń ṣe esperar,
èmi pẹ̀lú ewúrẹ́ yìí.