Oṣù Mẹ́fà, Oṣù Méjìdínlógún

Ìjì oṣù Ẹrẹ́nà ló ká páànù ilé wa
bí ẹni ká ẹní lẹ́yìn tí àlejò lọ.
Ó lọ kó o dà sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Adélégàn
níwájú díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjọ̀kà.
Láti ọjọ́ náà ni ojú ọ̀run ti ń yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ mi.

Mo tọrọ àyè wákàtí méjì lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé,
mo gun ọ̀kadà dé Alágbàká.
Akinṣúyì, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
ọmọ tí mo kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ nígbà tó wà ní ìwé kẹrin,
òun ló wá ń ṣírò fún mi.

"Tíṣà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lẹ fẹ́ yá.
Bí ẹ bá fẹ́ san án tán lóṣù mẹ́fà,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́ta lóṣooṣù.
Bí ẹ bá fà á dé oṣù méjìdínlógún,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún péré."

Péré.
Ọ̀rọ̀ náà rọ̀ bí òwú,
ó ń ṣe mí bíi kí n gbórí lé e kí n sùn.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀.
Mo yí ẹ̀yìn ìwé náà padà, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.
Méjìdínlọ́gọ́ta lọ́nà mẹ́fà, mo yọ owó tí mo yá:
èlé ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta.
Mẹ́rìnlélógún lọ́nà méjìdínlógún
(mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà):
èlé ẹgbẹ̀rún méjìléláàádóje.
Òrùlé kan náà. Ìṣó kan náà.
Èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́ ló wúwo lọ́rùn.

Ó dáa, kí n mú èyí tó kúrú?
Owó oṣù mi, ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin,
lóṣù tí ìjọba bá rántí wa.
Yọ méjìdínlọ́gọ́ta, ó ku mẹ́tàdínlógún.
Ta ni yóò fi mẹ́tàdínlógún bọ́ ọmọ mẹ́ta,
kí Ọlátúyì tún sanwó ìdánwò àṣekágbá?

Ìyá ọkọ mi ní Ìsìkàn ti wí kí n tó jáde:
"Gbèsè tó bá pẹ́ nílé á di ọmọ ilé,
á máa bá ọ bu òkèlè."
Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

"Akinṣúyì, bí mo bá mú èyí tó gùn,
tí owó wá yọ, ṣé mo lè tètè san án tán?"
Ó gbójú sókè wo àjà.
Ó ní owó ìtanràn wà fún ìyẹn.
Ìtanràn, nítorí pé mo yára!
Èmi tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó pẹ́ dé.

Fáànù ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn.
Mo béèrè ohun tí kò sí lórí ìwé rẹ̀:
"Bí mo bá yá ìdajì ńkọ́?"

Ìdajì. Oṣù mẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lóṣooṣù.
Yàrá méjì àti pálọ̀ á rí páànù,
ilé ìdáná á máa retí Ọlọ́run àti àfikún owó oṣù.

Òjò rọ̀ lóru àná.
Àwọn ọmọ sùn lórí ẹní gbígbẹ.
Èmi dìde, mo gbé korobá sí ẹ̀gbẹ́ àdògán,
mo jókòó tì í, mo ń ka oṣù:
ọ̀kan ti lọ, ó ku márùn-ún.
Korobá kún. Mo dà á nù, mo tún gbé e padà.