Èènì

Lẹ́yìn irun, n ó bu àtíkè sí ìpàkọ́,
n ó gbá àgbọ̀n mú,
n ó fa ọrùn sọ́tùn-ún, kàù!
n ó fà á sósì, kàù!
Ọ̀fẹ́ ni. Èènì orí fífá ni.
Ogún ọdún nìyí ní Wàndó, l'Ájàṣẹ́,
ẹnì kankan kò pè mí lẹ́jọ́.

Múṣáráfù san ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà,
ó ní, "Ọ̀gá, ara mi fúyẹ́."
Jímọ̀ nìyẹn.
Ọjọ́ Ajé, létí ọ̀sà, ayé yí po lójú rẹ̀,
ẹnu wọ́ sápá kan,
omi kò gba ọ̀fun lọ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!
Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí. Ìtọ̀ ṣúgà kò sí.
Ìyá rẹ̀ ń wo àbúrò bàbá rẹ̀ lójú kọ́rọ́;
àdúgbò ti mọ ẹni tó ṣe é,
ó ku kí wọ́n dárúkọ.

Wọ́n tì í wọ ihò ẹ̀rọ.
Àwòrán ọpọlọ jáde,
ó mọ́ bí àwo tí a fọ̀ de àlejò.
Dókítà Ìdòhú kò dìde lórí àga.
Ó ní, "Ẹ̀gbà yìí kì í ṣe tàgbà.
Ẹ jẹ́ ká bi ọrùn léèrè."

Wọ́n gún omi kan sí i lápá,
omi tí ń tan iná sọ́nà ẹ̀jẹ̀,
wọ́n tún tì í padà.
Àṣé iṣan tó gba inú eegun ọrùn gòkè
ti ya nínú,
bí ẹ̀wù tí inú rẹ̀ fàya tí òde ṣì ń dán.
Ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀. Bíńtín já nínú rẹ̀,
ó lọ dí ọ̀nà lókè.

"Ṣé o ṣubú lórí sẹ́mì ni?
Àbí ẹnì kan fà ọ́ lọ́rùn?"
Ahọ́n Múṣáráfù wúwo.
Ó fi ìka méjì ṣe bí àlùmọ́gàjí.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.
Èmi tí mo mọ gbogbo orí ní Wàndó,
orí rìbìtì, orí olójú àpá,
orí tí ń sùn bí mo ti ń fá a,
òde ni mo ti ń kí gbogbo wọn,
n ò wọlé rí.

"Ó lè jẹ́ ọwọ́ rẹ," ni dókítà wí,
"ó sì lè jẹ́ ikọ́ òru kan.
Àwòrán ń fi ibi tó ya hàn,
kì í dárúkọ ẹni tó ya á."
Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù.
Kò ní kí n dìde. Kò lé mi.

Oṣù karùn-ún, Múṣáráfù padà wá jókòó.
Mo gẹ irun. Mo bu àtíkè.
Ó fi ààbọ̀ ẹnu rẹ́rìn-ín:
"Ọ̀gá, èènì mi dà?"
Mo ki ọwọ́ bọ àpò.
Nínú àpò níbẹ̀,
ọwọ́ náà ṣì ń fà.