Òrùka Ẹsẹ̀ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Àkànó apẹja ló fà á sókè pẹ̀lú àwọ̀n
ní adágún Ẹlẹ́yẹlé, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú,
níbi tí òṣíbàtà ti tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sójú omi.
Ẹyẹ kékeré, ìrù rẹ̀ là bí ẹnu àlùmọ́gàjí,
ó ti kú, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.
Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òrùka.

Kì í ṣe ti ìyàwó, kì í ṣe ti oyè.
Irin fẹ́lẹ́ ni, lẹ́tà ara rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀
tí Àkànó fi rò pé èèrà ló tò síbẹ̀.
Ó gbé e wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi,
èmi tí iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ iye omi tó wọlé, iye tó jáde.
Ó ní, "Akọ̀wé, bá mi kà á.
Ta ló fi ẹyẹ ránṣẹ́ sí mi?"

Mo fi dígí tí í sọ èèrà di erin wò ó:
orúkọ ìlú òtútù kan tí ahọ́n mi kò lè yí.
Mo kọ̀wé. Ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan dáhùn láti Fínláǹdì,
Aulikki. Àkànó ní òun kò lè pe ìyẹn, Ìyá Ẹyẹ ló tó.
Ó ní òun fúnra òun ló fi òrùka náà sí i lẹ́sẹ̀
nínú ilé màlúù òun, ní oṣù tí àwa ń pè ní Agẹmọ;
ìtẹ́ ẹrẹ̀ ni, lókè orí abo màlúù kan tó ti darúgbó.
Lẹ́yìn náà ó béèrè: "Kí ló pa á?"

Ìbéèrè yẹn sùn sórí tábìlì mi fún ọjọ́ mẹ́ta.
Kí ni kí n wí? Pé láyé ọjọ́un
kànnàkànnà kì í kúrò lọ́rùn èmi náà ní Òkè-Ààrẹ?
Pé eèsún tí wọ́n ń sùn sí létí omi
ni Alàgbà Oyèékàn ti dáná sun,
tí típà ń da yẹ̀pẹ̀ sí i kó lè di pulọ́ọ̀tì?
Wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfara kanra.
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í sùn lójú ọ̀run.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò bínú.
Ó fèsì pé lọ́dọ̀ tiwọn náà
wọ́n ń di fèrèsé ilé màlúù pa,
wọ́n ń fọ́n oògùn tó ń pa gbogbo kòkòrò,
ẹyẹ ń padà dé, kò bá oúnjẹ.
Ẹ̀bi náà, apá méjì ló ní:
ó fi tiwa fò, ó fi tiwọn fò.

Láàárín àwa méjèèjì, aṣálẹ̀.
Níbẹ̀ ni Ghousmane ti ń ṣọ́ kànga,
tó ń bu omi sínú àwo irin fún àwọn tí òùngbẹ bá já lulẹ̀.
Ìyá Ẹyẹ ló fi í mọ̀ wá.
A fẹnu kò: ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kálukú yóò ka èyí tó bá rí.
Wọ́n ní àwọn ìjọba ti bọwọ́ lùwé lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.
Ìwé yẹn kò tíì dé Ẹlẹ́yẹlé.

Alàgbà Oyèékàn ní, "Ṣé ẹyẹ ló máa san owó ilẹ̀ fún mi?"
Àkànó ní, "Ẹ̀fọn tó ń jẹ ọmọ-ọmọ yín, ta ló ń bá yín jẹ ẹ́?"
Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdajì sílẹ̀ fún wa
di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ìdajì yòókù ti di búlọ́ọ̀kù.

Nírọ̀lẹ́ àná a jókòó sínú ọkọ̀.
Wọ́n dé bí èéfín tó ń padà sínú ààrò.
Àkànó kà dé ẹgbẹ̀fà, ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀,
ó ní kí n sáà kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń pariwo.
Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tó fọwọ́ tọ́ mi:
"Bá mi kí i.
Bi í, màlúù àgbà yẹn ńkọ́?"